Orí Kẹrìndínlógún

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé orí fóònù yìí, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì fojú kan ara wọn rí. Orúkọ ìnagijẹ ni kálukú ń jẹ́. Aránṣọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń jẹ́ Akàparí, orúkọ náà sì bá a lára mu ju gbogbo aṣọ tó ń rán lọ. Bí ẹnìkan bá ti bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni mo lè máa kà nínú ọkọ̀?" kí ẹlòmíì tó ronú, Akàparí á ti dáhùn. Ó ní ìwé fún ẹni tí ọkọ ń dà láàmú, ó ní fún ẹni tí oorun kì í kùn, ó tún ní fún ẹni tó kórìíra ìwé.

Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní. Ẹni tó bá júwe ìwé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, "Mo kà á dé ẹ̀yìn." Akàparí ló ṣe òfin náà, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọ bí ajá ṣe ń ṣọ́ ilé. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, onígbàjámọ̀ kan júwe ìwé fún wọn. Wọ́n bi í léèrè díẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ara èèpo ìwé lásán lòun kà. Akàparí ò jẹ́ kó ṣàlàyé tán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹni tó ń júwe ọ̀nà tí kò rìn dé òpin, kòtò ló máa sin èèyàn wọ̀." Lójú ẹsẹ̀ ló yọ ọkùnrin náà kúrò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni pé ó mú olè. Ọ̀bẹ kì í kúkú mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni Dírẹ́bà bèèrè ìwé tiẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkùnrin náà ń wà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà lọ́sibítù. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Ẹ̀rù ń bà á. Mo fẹ́ ìwé tí mo lè máa kà sí i létí, tó máa pa á lẹ́rìn-ín."

Akàparí ò tilẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì tó fi dáhùn. Ó mọ ìwé kan, ìwé ọmọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn, tó ń sin ìgbín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí dókítà àgbà sì ń sá fún ìgbín bí ẹni rí ejò. Nígbà tó ń kà á, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Àmọ́ orí kẹsàn-án ló kà á dé. Ibẹ̀ ni Eyínfúnjowó, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti wá kí wọn, tó rí ìwé náà lórí tábìlì, tó ní òun ń mú un lọ. Ìyàwó wo ni yóò já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ ọkọ? Oṣù kẹta rèé, ìwé ò padà wálé.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, kò sì pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín báyìí, níbo ló tún fẹ́ parí sí? Ó júwe ìwé náà fún Dírẹ́bà, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: "Mo kà á dé ẹ̀yìn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ojoojúmọ́ ni Dírẹ́bà ń jábọ̀ fún wọn. Ọjọ́ kejì, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi ní bí ọmọ yẹn bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ìwé, òun náà á dìde. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa sọ pé òun á dìde." Inú gbogbo ẹgbẹ́ dùn. Inú Akàparí ló dùn jù, ó ka ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, Dírẹ́bà kọ̀wé: "Mo ti dé ọsibítù. Orí mẹ́ta ló kù. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní aago mẹ́rin, a máa kà á parí, kó lè fi ìdùnnú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọ̀la. Nọ́ọ̀sì ní kí n pa fóònù. Àǹtí Akàparí, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́."

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé, sí Akàparí nìkan. Tíṣà Àgbà ló kọ ọ́, ìyá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

"Akàparí, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ohun tí ẹ ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ṣé ìwé ọmọ tó ń sin ìgbín yẹn ni wọ́n ń kà fún ọmọ tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ? Ọmọ inú ìwé náà mà kú! Orí kẹrìndínlógún. Níbi iṣẹ́ abẹ ló kú sí. Ṣé o kà á parí ṣá?"

Akàparí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé ó lè yí padà tó bá pẹ́ níbẹ̀. Olùṣọ́ báǹkì kan tó jókòó lórí àpótí, tó ń dúró de ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, na ọrùn.

"Madáàmù, ìdí ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ẹ fi ìdí ṣòkòtò yín sílẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n!"

Ó pe Dírẹ́bà. Fóònù ti kú. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé kó má ka èyí tó kù, àmọ́ àmì kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ni pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ sáré jáde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò mọ ọsibítù tí ọmọ náà wà. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ bàbá ọmọ.

Àwọn ará ẹgbẹ́ nìkan ló lè bi. Ìtìjú sì gbá a mú. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọsibítù tí ọmọ Dírẹ́bà wà? Mo fẹ́ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i." Irọ́ tuntun lórí irọ́ àtijọ́.

Ìdáhùn ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ọlọ́run á san yín lẹ́san." "Kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ jẹ́ ká jọ dá a." Ẹnìkan fi òdòdó ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kánjú, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iná ń jó. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri, ó ti di aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìṣẹ́jú iyebíye ni ìyìn yẹn jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tì, ó tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Irọ́ ni mo pa. Mi ò ka ìwé náà parí. Orí kẹsàn-án ni mo kà á dé tí mo fi kọ ọ́ pé mo kà á dé ẹ̀yìn. Ọmọ inú ìwé náà kú níbi iṣẹ́ abẹ. Dírẹ́bà máa ka ibẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí ní aago mẹ́rin, ó sì ti pa fóònù. Ẹ bú mi lọ́la. Ta ló mọ ibi tí wọ́n wà?"

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Onígbàjámọ̀ tí ẹ yọ ló mú Dírẹ́bà wọlé. Àdúgbò kan náà ni wọ́n."

Akàparí ṣì ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó pè é.

"Ta nìyẹn?" Ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun ń lọ lábẹ́ ohùn ọkùnrin náà.

"Èmi ni, bùọ̀dá. Akàparí."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀, láìmí.

"Ẹ ò kà á parí," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Mi ò kà á parí."

"Ẹ wá kọ ọ́ pé ẹ kà á dé ẹ̀yìn."

"Mo kọ ọ́."

"Àǹtí, ìwé tèmi yẹn, ìwé oúnjẹ sísè ni o. Kò lè ju kí ọbẹ̀ jóná lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá, ẹ fi ṣàánú ọmọ náà. Aago mẹ́rin—"

"Ọsibítù náà ò jìnnà sí mi. Ẹ̀gbẹ́ orí kan péré ni mo tíì gẹ fún oníbàárà mi. Á dúró dè mí." Ó já ìpè náà.

Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ lù. Akàparí jókòó ti màṣíìnì, kò lè rán nǹkan kan. Olùṣọ́ báǹkì náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bèèrè ṣòkòtò mọ́. Ó bu omi fún un nínú ife, ó sì padà lọ jókòó. Ohun tí Akàparí ń rò kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ náà ti ní òun á dìde, òun sì ti rán ìwé lọ láti sọ fún un pé kò ní dìde.

Ní aago márùn-ún ku díẹ̀, Dírẹ́bà kọ̀wé sí ẹgbẹ́.

"Onígbàjámọ̀ bá wa ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ó já ìwé gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀. Lẹ́yìn tí mo lọ lánàá, ó kà á dé ẹ̀yìn fúnra ẹ̀. Ó ní òun dákẹ́ kí èmi má baà sunkún ni. Inú ń bí mi sí yín, Àǹtí Akàparí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ó ní kí n jẹ́ kóun bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ohùn kékeré tó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo sunkún gan-an lánàá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọmọ yẹn wà nínú ìwé, èmi ò sí nínú ìwé. Ẹ lọ kà á parí, mà. Tí mo bá jí lọ́la, màá bi yín léèrè."

Akàparí sunkún débi tí aṣọ oníbàárà fi tutù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó dá onígbàjámọ̀ padà sínú ẹgbẹ́, ó sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo wọn. Onígbàjámọ̀ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Oníbàárà mi ṣì ń bínú." Lẹ́yìn náà ni aránṣọ wa gba ilé Eyínfúnjowó lọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó bèèrè ìwé rẹ̀.

"Ìwé wo? Áà, ìyẹn! Mi ò tíì ṣí i, ìyàwó wa."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kò tan màṣíìnì. Ní aago mẹ́jọ, ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ṣí ìwé sí orí kẹsàn-án. Ó ń kà á lọ, ó ń wo fóònù. Ó ka orí kẹwàá, ó kà á dé ìkejìlá. Ní aago mọ́kànlá, ó ka orí kẹẹ̀ẹ́dógún tán, ó sì fi ọwọ́ bo ìwé náà. Kò lè ṣí i síwájú. Ó mọ̀ pé ìwé ò lè pa ọmọ ẹlòmíì, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago méjìlá fi lù, tó sì kọjá.

Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù dún, Dírẹ́bà ló kọ̀wé.

"Ó ti jí. Ohùn rẹ̀ ò tíì jáde dáadáa. Ó ní kí n bi yín pé orí wo lẹ dé?"

Akàparí nu ojú rẹ̀ nù kó tó lè rí ibi tó ń tẹ̀.

"Orí kẹẹ̀ẹ́dógún," ló kọ. "Mi ò tíì kà á parí."