Ikùn Tí Kò Wọlẹ̀

Nígbà tí Ẹniọlá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Láti kékeré ni Fẹ̀yìntọlá ti mọ̀ pé bí àbúrò òun bá ti fi ẹ̀bẹ̀ ṣíde ọ̀rọ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Ó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ó bẹ nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kó dúró fún òun ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, ó sì wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ ní gáréèjì Oǹdó. Ní ojú ọ̀nà, ó ro ti àìsàn, ó ro ti ìjà tọkọtaya. Kò rò ó dé ibi iṣẹ́ abẹ.

Akíntóyè, ọkọ Ẹniọlá, ló ṣílẹ̀kùn fún un ní Ìjàpọ̀ Estate. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ Ìkàrẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ìbàdàn ni Ẹniọlá ní òun ń lọ fún kọ́ọ̀sì. Èmi náà ò mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni títí tó fi dé."

Ẹniọlá dúró níwájú dígí nínú yàrá. Aṣọ ìfúnra dúdú kan gbá a mú láti abẹ́ ọmú dé orúnkún. Ó tú u níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara rẹ̀ wú. Ibì kan pọ́n, ibì kan dúdú bíi ti ẹni tó ṣubú lórí òkúta, ìhà rẹ̀ rí gbágungbàgun. Láàárín gbogbo rẹ̀, ikùn náà ṣì yọ síwájú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé," ni Ẹniọlá wí. "Èkó ni mo ti ṣe é. Wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ mí lára, wọ́n fi fa ọ̀rá jáde. Obìnrin tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, inú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àǹtí mi, ẹ wo tèmi. Ẹ wò ó!"

Fẹ̀yìntọlá ò bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, oyún oṣù mẹ́jọ kú mọ́ Ẹniọlá nínú. Ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá ló gba ọmọbìnrin náà, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló fi aṣọ wé e. Ọmọ lọ, ikùn kò bá a lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí Ẹniọlá yà sí tí wọn ò ti ṣàdúrà fún un bí aboyún. Ní ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ata ní Arákale: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o." Á rẹ́rìn-ín, á ṣe àmín. Ó di ìgbà tó bá délé kó tó sunkún.

"Mo bi yín léèrè nígbà yẹn," ni Ẹniọlá wí. "Ẹ ní ó máa wọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọdún méjì ni mo fi dúró dè é."

Fẹ̀yìntọlá rántí ọjọ́ náà dáadáa. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo abiyamọ ló ṣe sọ ọ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀, kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ikùn náà. Ó kúnlẹ̀ báyìí, ó wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ bóyá ọ̀kan wú ju èkejì lọ, ó bi í bóyá èémí rẹ̀ ń há, ó wo àwọn ojú ọgbẹ́ kéékèèké bóyá wọ́n ń ṣọyún. Kò sí èyí tó ṣe é nínú wọn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí.

Ó gba nọ́ńbà kílíníìkì Èkó náà, ó pè é. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e. "Ẹ kú sùúrù, mà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó máa wọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá pa fóònù náà. Kò lè bínú sí ọmọ náà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Dókítà Akínsànyà, àgbà oníṣẹ́ abẹ kan ní Àkúrẹ́. Ó ní kí Ẹniọlá dùbúlẹ̀ gbalaja, kó gbé orí nìkan sókè. Bó ti gbé e, nǹkan kan ga láàárín ikùn rẹ̀ bíi búrẹ́dì tó wú. Dókítà ki ìka sí àárín rẹ̀. Ìka mẹ́rin wọlé.

"Mádàámú, ṣé wọ́n yẹ̀ yín wò báyìí kí wọ́n tó ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n dùbúlẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ti wò mí, wọ́n fi bírò fa ilà sí mi lára."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rá kọ́ ló ti ikùn yín síwájú. Iṣan méjì tó yẹ kó fẹnu kora láàárín ikùn ló yà nígbà oyún, tí wọn ò padà pàdé. Ẹ lè fa gbogbo ọ̀rá ayé jáde, wọn ò ní pàdé. Fífa ọ̀rá ò sì lè mú awọ tó ti dẹ̀ fún."

"Wíwú yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn á lọ. Ẹ má fi ojú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dájọ́. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan, kí ẹ tó mọ bí ara yín ṣe máa rí gan-an. Gbágungbàgun yẹn, òmíràn á tẹ́jú, òmíràn lè má tẹ́jú."

"Ṣùgbọ́n ikùn náà?"

"Ikùn á ṣì yọ." Ó rọra sọ ọ́. "Iṣẹ́ abẹ mìíràn wà tí a fi ń rán iṣan pọ̀, tí a sì ń gé awọ kúrò. Ó le ju èyí lọ, àpá rẹ̀ á gùn láti ìbàdí dé ìbàdí. Kò tilẹ̀ ṣe é gbèrò báyìí, ó di ìgbà tí ara yín bá san."

"Tí mo bá wá lóyún lẹ́yìn rẹ̀?"

"Oyún lè tún tú ohun tí a rán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí obìnrin bímọ tán ná."

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, dókítà."

"Mo gbọ́ yín, mà."

Fẹ̀yìntọlá, tó ti gbẹ̀bí fún ọdún mọ́kàndínlógún, ń wo ilẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Akíntóyè ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí i. "Èmi ò sọ fún ọ rí pé inú rẹ tóbi."

"Lóòótọ́, ẹ ò sọ ọ́ rí," ni Ẹniọlá wí. "Ẹ ò sọ nǹkan kan rí. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ, ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ọkùnrin náà gbórí lé ọwọ́ tó fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Fẹ̀yìntọlá wà lẹ́yìn, ó na ọwọ́, kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kó dì mú, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú wọn. Láràárọ̀, ó ń bá àbúrò rẹ̀ wọ aṣọ ìfúnra náà, ó ń so ìkọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ẹniọlá á di ògiri mú, á pa ojú dé. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Oǹdó.

Oṣù márùn-ún kọjá. Wíwú náà lọ. Ìbàdí Ẹniọlá tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i, ìhà òsì rẹ̀ kò bá ti ọ̀tún dọ́gba, ikùn wà níbi tó wà. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun kan náà ló sì máa ń bi í.

"Àǹtí mi, ṣé kí wọ́n rán iṣan náà fún mi, àbí kí n dúró de ọmọ?"

"Mi ò mọ̀, àbúrò mi."

"Tí mo bá dúró, tí ọmọ ò wá ńkọ́?"

"Ẹniọlá, mi ò mọ̀."

Fẹ̀yìntọlá ń gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń mí.

"Ṣé òjò ti rọ̀ ní Oǹdó?" ni Ẹniọlá wá béèrè.

"Ó ṣú lánàá," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Kò rọ̀."