Yàrá Irúgbìn

"Má dùbúlẹ̀. Jókòó. Mo ní kí o jókòó."

Barnabé fi ọwọ́ ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Rosalie jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Èémí rẹ̀ ń dún bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn kọjá. Kò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá Barnabé dúró lágbàlá, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ó ṣe é báyìí lóṣù tó kọjá, ó sì lọ. Ẹ bu omi gbígbóná fún un."

"Ìyá, ètè rẹ̀ ti ń ṣú."

Ìyá náà súnmọ́ ọn, ó wo ètè náà. Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Pe zẹ́mì."

Onízẹ́mì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò níta. Wọ́n fi Rosalie sáàárín lórí alùpùpù náà, onízẹ́mì níwájú, Barnabé lẹ́yìn. Wọ́n gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ sí ilé ìwòsàn Okpómẹ́ta.

Latifou ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó mú pọ́ńpù oògùn kékeré aláwọ̀ búlúù kan, ó tì í bọ ihò tó ti gé sí ìdí ìgò oníke kan, ó gbé ẹnu ìgò náà sí Rosalie lẹ́nu.

"Ẹ mí sínú. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ tún un ṣe."

Ó pẹ́ kí àyà náà tó gbà. Nígbà tó gbà, Rosalie fi orí ti ògiri, omi ń jáde lójú rẹ̀.

"Ikọ́ fée ni," Latifou sọ.

"Kò sí ẹni tó ní in nílé wa." Ohùn Rosalie tín-ín-rín. "Ìgbà tí mo gba yàrá ló bẹ̀rẹ̀."

"Yàrá wo?"

Barnabé ló dáhùn. "Nílé wa, àgbàdo tí a máa gbìn kì í bá èyí tí a máa jẹ gbé inú àká kan náà. Ó ní yàrá tirẹ̀. Tèèpo-tèèpo la máa ń so ó mọ́ àjà. Obìnrin tó dàgbà jù nílé ló máa ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ló ń sùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e fún ìyàwó mi."

"Kí ló dé tí ẹnìkan fi gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀?"

"Kí irúgbìn lè máa gbọ́ èémí ènìyàn. Èyí tí kò bá gbọ́ èémí kì í hù. Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Latifou kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ àgbẹ̀ ìlú Kpankou ni òun náà. "Fèrèsé ńkọ́?"

"Kò ní. Nítorí eku."

"Eruku?"

"Bí mo bá jí, ó máa wà lójú mi bí ẹni pé mo lọ àgbàdo mọ́jú," Rosalie sọ. "Èyí tí kòkòrò jẹ sílẹ̀ ni." Ó mí díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Dókítà, ìyá ọkọ mi sùn níbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Kò ṣe wọ́n. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ara kò rí bákan náà. Ẹ̀ṣọ́ ara ẹlòmíràn le ju ti ẹlòmíràn lọ."

"Ẹ̀ṣọ́ wo?"

Latifou fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ara. Àwọn kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ojú ọ̀tá mọ̀ kí wọ́n tó lè bá a jà dáadáa. Àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Wọ́n bí iṣẹ́ náà mọ́ wọn ni. Wọn kì í sábà rìn káàkiri. Ìdí ògiri ni wọ́n ń gbé: ògiri ìfun, ògiri ọ̀nà èémí. Wọn kò mọ ojú ọ̀tá. Igbe ògiri ni wọ́n mọ̀. Bí nǹkan bá ha ògiri, ògiri á ké, àwọn á dìde."

"Kí wọ́n bá ta ni jà?" Barnabé bi í.

"Aràn. Ogun tí ara ń jà ju oríṣi kan lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní oríṣi kejì, ogun aràn. Wọ́n á ní kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀, kí ilẹ̀ lè yọ̀ mọ́ aràn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á ké sí àwọn ọmọ ogun yòókù. Iṣan á fún pọ̀, á tì í jáde. Nínú ìfun, iṣẹ́ rere ni."

"Aràn kò sí nínú àyà mi," Rosalie sọ.

"Kò sí. Eruku ló ha ògiri. Ògiri ké. Àwọn kò béèrè ẹni tó ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ja ogun aràn nínú ọ̀nà èémí yín. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí i, iṣan fún un."

Barnabé mi orí. "Ajá Ràmọ́nù aládùúgbò wa nìyẹn. Ewé já, ó gbó. Àlejò dé, ó gbó. Ó gbó títí ó fi bu Ràmọ́nù fúnra rẹ̀ jẹ."

"Ajá Ràmọ́nù gan-an," Latifou sọ. Ó kó pọ́ńpù méjì sórí tábìlì. "Ẹ wo èyí. Búlúù yìí ń ṣí ọ̀nà ni, kò bá ẹ̀ṣọ́ sọ nǹkan kan. Èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ yìí ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, ara yín yá o, kò yá o. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi omi yọ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà lọ sùn nínú yàrá yẹn, ògiri á tún ké."

Rosalie so pọ́ńpù méjèèjì mọ́ etí aṣọ rẹ̀. "Mi ò ní sùn níbẹ̀ mọ́."

Barnabé wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ìyá Barnabé jókòó sórí àpótí ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Rosalie parí, ó bi í léèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ta ló máa sùn níbẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni kò ní sùn níbẹ̀, Ìyá."

"Ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ojú ọ̀tá! Irú ẹ̀ṣọ́ wo nìyẹn? Bó bá jẹ́ pé bàbá Barnabé wà láyé ni, ì bá ti lé wọn lọ." Ó fi igi iná gún ilẹ̀. "Ọdún tí wọ́n gbé mi lọ sí Ìpòbẹ́ fún iṣẹ́ abẹ, yàrá ṣófo. Irúgbìn kò hù. Gbaguda la fi la ọdún náà já. O jẹ nínú rẹ̀."

"Mo jẹ nínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni òrùlé yàrá jò. Àgbàdo bu, gbogbo rẹ̀ funfun. Mo rí i."

"Ó jò nítorí pé kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀ tí omi máa kán sí lójú!"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Rosalie rò ó díẹ̀, ó ní:

"Ẹ fún mi ní ìdajì. Mo máa dì í sínú bídọ̀n oníke tó ní ìdérí. Omi kò ní wọ̀ ọ́. Eku kò ní wọ̀ ọ́."

"Èémí náà kò ní wọ̀ ọ́."

"Kò ní wọ̀ ọ́, Ìyá."

"Oúnjẹ gbogbo ilé lo fẹ́ fi dán nǹkan wò."

"Ìyá," Barnabé bẹ̀rẹ̀, "Dókítà ní bó bá tún ṣe é…"

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀." Ìyá kò yí ojú kúrò lára Rosalie. "Bí tìrẹ kò bá hù ńkọ́?"

"Bí tèmi kò bá hù, mo máa padà sínú yàrá."

"Rosalie!" Barnabé sọ.

"Mo ti sọ ọ́."

Ìyá dìde. "Mú ìdajì rẹ. Èmi máa sùn lábẹ́ ìdajì tèmi."

"Ìyá, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?"

"Ọjọ́ orí mi mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Barnabé ló tú ìdajì àgbàdo náà kalẹ̀ láti àjà, ó kó o síta. Rosalie fi ìborùn di imú, ó jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku lọ, ó yẹ̀ ẹ́ kúrò lára ṣùkù. Ó ju gbogbo èyí tí kòkòrò ti dá lu sí adìyẹ. Ó sá ìyókù títí ọmọ àgbàdo kan fi ń ró kà bí ó bá fi eyín gé e. Ó fi asẹ́ jọ eérú, ó pò ó mọ́ àgbàdo náà nítorí kòkòrò. Ó rọ ọ́ kún inú àwọn bídọ̀n dé ẹnu, ó ń gbọ̀n wọ́n kí àyè kankan má ṣẹ́ kù. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi wé ìdérí wọn pinpin. Ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ àká, ó sì gbé ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Grâce, ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí pọ́ńpù omi kó tó dé ibòmíràn.

"Ìyá Grâce," Rachidatou, ọ̀kan nínú àwọn tó wá pọnmi, kígbe níwájú gbogbo obìnrin, "wọ́n ní àgbàdo lé ọ kúrò ní yàrá!"

"Ó lé mi dé yàrá Grâce," Rosalie sọ. Ó gbé omi rẹ̀ lérí. "Kò ní lé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọyẹ́ dé. Ó ń lo pọ́ńpù tó pọ́n bí ilẹ̀ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ṣùgbọ́n ó rántí ajá Ràmọ́nù. Ó ń ro oko. Ó ń gún iyán. Pọ́ńpù búlúù náà wà ní etí aṣọ rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ mọ́.

Ikọ́ Ìyá ló ń gbọ́ láti yàrá irúgbìn báyìí. Ó máa ń gbé ife omi gbígbóná sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láàárọ̀. Ife náà máa ń ṣófo.

Nígbà tí ìkùukùu òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbìn, láti mọ̀ bóyá irúgbìn máa hù. Ìyá já ọmọ àgbàdo láti àjà, ó dì í sínú àkísà funfun. Rosalie tú bídọ̀n kan, ó bù díẹ̀, ó dì í sínú àkísà aláró. Wọ́n tẹ méjèèjì sí ìdí àmù, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ.

Lóru, Barnabé kò sùn dáadáa. Rosalie sùn.

Ní ọjọ́ tí ó tó láti tú u, Ìyá ló kúnlẹ̀. Ó tú àkísà funfun. Gbòǹgbò ti yọ lára wọn, ó funfun, ó tín-ín-rín bí òwú. Díẹ̀ ló kọ̀. Ó tú aláró. Ó fi ìka yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Bákan náà ni," ó sọ.

"Bákan náà ni, Ìyá," Rosalie sọ. Kò fi ayọ̀ sọ ọ́.

Ìyá jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá. "Nígbà náà, gbogbo òru tí mo sùn níbẹ̀…" Kò parí rẹ̀.

Rosalie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ rí ibi tó ń jò. Ẹ̀yin lẹ lé eku. Bí ẹ kò bá sùn níbẹ̀, irúgbìn wo ni ǹ bá rọ sínú bídọ̀n?"

Ikọ́ gbé Ìyá, ó wú u títí. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ó nu ẹnu.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí o sọ yẹn. Ṣé wọ́n máa ń sinmi?"

"Bí ògiri kò bá ké."

Ìyá mi orí. Ó fi ọwọ́ ti àmù, ó dìde, ó wọ inú yàrá irúgbìn lọ. Rosalie gbọ́ tí ó ń ká ẹní. Ó dìde láti bá a gbé e.

"Dúró níbẹ̀," Ìyá sọ láti inú òkùnkùn. "Má wọlé. Mo máa nà án sí ọ."

Etí ẹní yọ lẹ́nu ọ̀nà, eruku ń dà lára rẹ̀. Rosalie fi etí ìborùn bo imú, ó na ọwọ́ kejì, ó gbà á.