Àna Ọ̀gá Nínú Yàrá Aláìsàn

Àlùbọ́sà ni kúùkù ọkọ̀ ń gé lọ́wọ́ nígbà tí páìpù bẹ́ ní yàrá ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́ igbe, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ irin láìmọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìsàlẹ̀. Elépo ló wà nílẹ̀, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi epo sí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ làwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti rí orúkọ sọ ọ́. Kúùkù fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ó ti fọwọ́ sọ̀yà fún àbúrò rẹ̀ pé ojú òun ò ní kúrò lára ọkọ rẹ̀.

Ooru omi híhó ti bó ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà láti èjìká dé ìka. Kò sí ẹni tí kò mọ páìpù yẹn nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò ní èbúté ló ti ń jò. Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kápútẹ́nì ní kí wọ́n dì í. Wọ́n fi àkísà àti wáyà dì í bí ẹni di ẹsẹ̀ adìyẹ. Àwọn ìbọ̀wọ́ gígùn tó yẹ kí Elépo wọ̀ sì wà nínú ilé ẹrù, kápútẹ́nì ti tì wọ́n pa síbẹ̀. Àfi bí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá wọlé ni wọ́n ń kó wọn jáde. Bí wọ́n bá ti lọ, wọ́n á tún kó wọn padà, kí wọ́n má baà dọ̀tí.

Wọ́n gbé e gòkè. Kúùkù da omi tútù tó mọ́ sí i lọ́wọ́ títí, ó sì fi aṣọ funfun bò ó.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Elépo wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, “ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o. Á ní mo fi iṣẹ́ ṣeré.”

“Dákẹ́ ńbẹ̀. Bí o ti bó tó yìí, ìyàwó lo tún ń bẹ̀rù.”

“Ẹ ò tíì mọ àbúrò yín ni.”

Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá aláìsàn. Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, nítorí pé Àna ló ń sùn níbẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ló wà fún aláìsàn nínú ọkọ̀ náà, ó ní ibùsùn, balùwẹ̀ tirẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, àti àmì àgbélébùú pupa lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni tó ni ọkọ̀ ló ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn lójú òkun. Kò sí yàrá tó ṣófo. Kápútẹ́nì bá fún un ní yàrá aláìsàn, ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sórí àgbélébùú pupa náà kí ara má baà fu àlejò. Láti ìgbà náà, Àna ni gbogbo ọkọ̀ ń pè é.

Kúùkù lọ bá kápútẹ́nì lókè níbi tó ti ń mu tíì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ooru ti bó Elépo. A fẹ́ yàrá aláìsàn, a sì fẹ́ kí ẹ yà sí èbúté tó sún mọ́ wa.”

“Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?”

“Ó ń sọ̀rọ̀, sà.”

“Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò tíì burú. Ẹ tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ò ní pẹ́ dé ibi tí à ń lọ.”

“Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀, sà? Ibi tí bàtà gbogbo wa ń gbà?”

“Kúùkù, ìwọ náà ní àna. Ṣé wọ́n ń lé àna dìde lórí ibùsùn ni?”

“Ẹni tí ooru bó yẹn, àna tèmi ni, sà.”

“Àna tìẹ ò ní ọkọ̀,” ni kápútẹ́nì wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ padà sẹ́nu.

Kúùkù sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Elépo lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Ẹnì kan gbé korobá omi ìdọ̀tí, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ní “ẹ pẹ̀lẹ́ o”, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí kúùkù. Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn, kò sì dúró kí wọ́n ní kó wọlé.

Àna wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí ibùsùn. “Ṣé oúnjẹ ti délẹ̀ ni?”

“Oúnjẹ kọ́, sà. Ibùsùn aláìsàn lẹ jókòó lé. Ẹnì kan ti jóná, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà.”

“Wọ́n ní yàrá àlejò ni.”

Kúùkù ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ká kàlẹ́ńdà kúrò lára rẹ̀. Àna wo àgbélébùú pupa náà, ó wọ bàtà, ó ní, “Ẹ gbé e wọlé.”

Wọ́n gbé Elépo sórí ibùsùn. Kúùkù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Ṣẹ́ẹ̀tì Àna ló wà níbẹ̀, àti lọ́fínńdà, àti sálúbàtà. Kò sí oògùn kan.

“Òfìfo ni mo bá a,” ni Àna wí. Ojú ń tì í.

Ẹni tó gbé korobá ló jẹ́wọ́ pé kápútẹ́nì ní kí àwọn kó oògùn lọ sí ilé tí wọ́n ń kó okùn sí kí àlejò lè ráyè kó aṣọ sí. Nígbà tí wọ́n gbé páálí náà wá, ìpara tí wọ́n ń fi sójú iná ti yọ́ dànù, báńdéèjì ti mu omi òkun, oògùn ìrora ti di ẹrẹ̀. Elépo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kúùkù gbé páálí náà gòkè, Àna ń tẹ̀ lé e. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú kápútẹ́nì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì.

“Oògùn ọkọ̀ yín rèé, sà.”

Kápútẹ́nì kò wo páálí. Àna ló rí, ó sì ti dìde. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló gbé yín jáde?”

“Bá mi pe ọkọ àbúrò mi lórí fóònù.”

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Àna ní ẹnì kan ń kú lọ, kí wọ́n yà sí èbúté. Ó gbé fóònù fún kápútẹ́nì, kápútẹ́nì ní “bẹ́ẹ̀ ni sà” títí, lẹ́yìn náà ó yí orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí inú kúùkù dùn. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i tẹ́lẹ̀ kéré sí èyí tó dé báyìí. Ohun tí ẹni tó jóná kò rí gbà, tí òun kúùkù bẹ̀bẹ̀ fún lásán, ọkùnrin oní-síńgílẹ́ẹ̀tì kan ló fi gbólóhùn kan gbà á, torí pé àbúrò rẹ̀ ló wà nílé ẹni tó ni ọkọ̀. Bí kò bá sí àna nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹnu ta ni wọn ì bá fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí Elépo?

Ní ilé ìwòsàn èbúté, dókítà ní Elépo á yè, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú pé àwọn ìka náà á tún ká mọ́. Kápútẹ́nì fẹ̀rín sẹ́nu. “Kúùkù, dúpẹ́ lọ́wọ́ Àna. Òun ló gba ọkọ àbúrò rẹ là.”

“Mo dúpẹ́ pé ẹ dìde, sà,” ni kúùkù sọ fún Àna. “Mi ò ní dúpẹ́ ibùsùn. Ti aláìsàn ni tẹ́lẹ̀.” Ó yíjú sí dókítà. “Níbo ni ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò wà?”

Ẹ̀rín kápútẹ́nì gbẹ. Àna fa kúùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Àbúrò, ẹ jẹ́ kó parí síbí. Ọ̀gá á tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.”

“Ẹbí tiyín nìyẹn, sà. Tèmi ló wà lórí ibùsùn yẹn.”

Dókítà na ọwọ́ sí ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Kúùkù tún aṣọ bo ẹsẹ̀ Elépo, ó sì jáde.