Ojú Tí Aṣọ Kọ sí Oòrùn

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, píìnì mọ́kànlá wà láàárín ètè Aránṣọ. Ẹni tó mú un wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọkọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ lọ ra aṣọ ti já sí kòtò, pé kò sí ẹni tó yè nínú rẹ̀. Aránṣọ kò lè pariwo. Ó ń yọ àwọn píìnì náà lẹ́nu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, títí wọ́n fi tán. Lẹ́yìn náà ló tó béèrè pé, "Ibo ni wọ́n gbé e sí?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kò ṣí ju ìwọ̀nba tí yóò gba ara rẹ̀ wọlé lọ. Á jókòó, á wo àwọn páálí ìwọ̀n tí Ẹ̀gbọ́n fi ìṣó kọ́ sára ògiri, á sì padà sílé. Aṣọ ìjókòó àti aṣọ òrùlé mọ́tò ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní í wọn ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n ní í yan aṣọ, tí í sì gé e. Ti Aránṣọ ni kí ó rán an. Ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́; ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tí òsì yóò máa dá ṣe lẹ́yìn tí ọ̀tún bá ti lọ.

Ní òwúrọ̀ yìí, kí ó tó jókòó, ó gbọ́ tí ọkọ̀ kan bú ramúramù wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ eré ìje pupa, onílẹ̀kùn méjì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn: ti Mẹkáníìkì ni, ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó rà á ní òkú ọkọ̀, lẹ́yìn tí ẹni tó ni í ti fi gbá igi, ó sì fi ọdún méjì jí i dìde. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí ó sinmi lórí rẹ̀. A máa bi í pé irú ọlọ́gbọ́n wo ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ilé tí kò lórùlé. Mẹkáníìkì á ní àwọn tó ń gbé abẹ́ páànù kò lè mọ bí ìràwọ̀ ṣe rí.

Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ lónìí. Ó ní wọ́n pe òun láti ilé ìwòsàn ńlá ní aago méje. Dókítà awọ ara tó máa ń ti òkèèrè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́rin ti dé. Aláìsàn kan kò lè wá mọ́, wọ́n sì ti fi ọmọ òun sí àyè rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ bá wọn lójú ọ̀nà, wákàtí márùn-ún gbáko ni ìrìn náà sì jẹ́. Bí wọn kò bá gbéra ní aago méjìlá, ó di oṣù mẹ́rin mìíràn. Egbò etí rẹ̀ kò ní dúró de oṣù mẹ́rin.

Aránṣọ wo inú ọkọ̀. Ọmọ náà, àfín, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, jókòó nínú aṣọ alápá gígùn pẹ̀lú fìlà ńlá, bándéèjì sì wà ní etí rẹ̀.

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi téèpù lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tá a lọ forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá," ni Mẹkáníìkì wí. "Ooru gíláàsì yọ́ téèpù. Mo ń wakọ̀, mi ò mọ̀ pé ó ti já. Ọmọ náà ti sùn. Ìgbà tí mo máa wò ó..."

Ó nawọ́ sí bándéèjì náà. Ó ní bọ́ọ̀sì kò ṣeé wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ fèrèsé ni. Àwọn mọ́tò oníbàárà tó wà lọ́wọ́ òun, ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn wà nílẹ̀.

Aránṣọ fẹ́ sọ pé òun kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò gé aṣọ òrùlé rí. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń gé e."

"Mo mọ̀, Àbúrò. Bí mo bá ní ibòmíràn, ṣé màá wá kanlẹ̀kùn ilé ọ̀fọ̀?"

Aránṣọ kó ohun tó wà nílẹ̀ jáde sórí tábìlì. Àwọ̀n dúdú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn á máa yọjú nínú ihò rẹ̀. Aṣọ onífóòmù wà, irú èyí tí à ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ òrùlé pátápátá. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ á sì máa ta ọmọ náà lójú. Èyí tó kù ni aṣọ olójú méjì: ojú kan fàdákà, tó ń lé oòrùn padà, ojú kejì dúdú, tó ń tu ẹyinjú lára. Wáyà ni wọ́n ń rán sí etí rẹ̀, tí yóò fi há mọ́ férémù láìsí gọ́ọ̀mù. Òun ni Ẹ̀gbọ́n ń lọ rà ní ọjọ́ náà. Èyí tó ṣẹ́kù kò ju òrùlé kan ṣoṣo lọ.

Ọmọ náà ti yọ orí síta lábẹ́ ibòòji. Ó nawọ́ sí àwọ̀n. "Àǹtí, mo lè rí ẹyẹ nínú èyí."

"Fàdákà yìí la máa lò. Tí oòrùn bá ti wọ̀, Dádì ẹ á yọ ọ́, wàá máa wòkè."

"Ẹyẹ á ti sùn nígbà yẹn."

Aránṣọ mú páálí ìwọ̀n tuntun kan.

Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ti máa ń ṣe, ó tẹ páálí mọ́ gíláàsì lókè orí rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀ yíká. Gíláàsì náà ti gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù. Etí òsì òrùlé náà wọnú díẹ̀, bí ìbú ìka kan, níbi tí ọkọ̀ ti gbá igi lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni í. Ó tọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, fàdákà lókè, ó gbé páálí lé e, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Kò dúró rárá. Ó tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

Ìgbà tó rán wáyà sí i tán, tí wọ́n gbé e sókè, ló rí i. Ibi tó wọnú lára aṣọ náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Lápá òsì, aṣọ náà wú, kò há. Lápá ọ̀tún, àlàfo gígùn ṣí sílẹ̀, oòrùn sì gba ibẹ̀ wọlé bí ọ̀bẹ, ó sùn sórí ìjókòó ọmọ náà gan-an.

Mẹkáníìkì ní kí wọ́n yí i dé. Aránṣọ ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ sì ń dínkù bí ó ti ń sọ ọ́, pé bí wọ́n bá yí i dé yóò há lóòótọ́, ṣùgbọ́n dúdú ni yóò kọjú sí oòrùn, yóò máa mu ooru bí ẹni mu omi, fàdákà yóò sì máa kọ mànà sí ojú ọmọ. Abẹ́ ni òun ti tọ páálí náà. Ojú tí òun rí jẹ́ ojú inú. Ó yẹ kí òun dojú páálí bolẹ̀ sórí fàdákà kí òun tó gé aṣọ.

Ó wo ògiri. Lára gbogbo páálí tí Ẹ̀gbọ́n kọ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ÒKÈ. Ó ti rí i lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, bí ènìyàn ṣe ń rí àpá lára ẹni tó fẹ́ràn, tí kò sì bi í léèrè rí ibi tó ti gbà á.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀. Mẹkáníìkì jókòó sórí àpótí, ó gbé orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi iwájú orí lé irin tútù náà, ó ń wá ẹkún, kò rí i. Nígbà tó yá ni ó mọ̀ ọ́n lára pé oòrùn kò kan òun lọ́rùn.

Ó gbójú sókè.

Ike kan tó mọ́ gaara wà láàárín páànù ṣọ́ọ̀bù, lókè ẹ̀rọ rẹ̀ gan-an, kí ó lè máa ríran ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n lé e dìde lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́ta, ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àga náà ṣì lágbára láti gbé obìnrin tó ń jẹun tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, aṣọ olójú méjì ti wà lábẹ́ ike náà, ó tẹ́ gbalasa, ó bo orí rẹ̀ àti àga rẹ̀, kò sì dí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí ẹnu abẹ́rẹ́.

Ó gun tábìlì. Ó tú u. Eruku bò ó lójú. Nínú ìṣẹ́po etí aṣọ náà, ṣọ́ọ̀kì kò tíì parẹ́: ÒKÈ.

Mẹkáníìkì ti dìde. "Àbúrò, má gé ìyẹn. Mo mọ ohun tó jẹ́." Bí ó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ náà.

"Ẹ bá mi di etí rẹ̀ mú, Ọ̀gá."

Ó dojú páálí bolẹ̀. Àlùmọ́gàjí wọ inú aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún tẹ̀ síwájú. Ó tú wáyà lára èyí tó bàjẹ́, ó rán an mọ́ tuntun. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù nígbà tí wọ́n gbé e sókè. Ó há, lọ́tùn-ún, lósì, wọnú ibi tó wọnú.

Ọmọ náà jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó wòkè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì gbé e sórí orúnkún.

"Ó tutù," ló wí.

 Mẹkáníìkì di ọwọ́ Aránṣọ mú, ó mì í, ó wọ ọkọ̀. Ohùn ọkọ̀ náà pẹ́ kó tó tán nínú afẹ́fẹ́.

Nígbà tí Aránṣọ padà wọlé, oòrùn ọ̀sán ti dé sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, sórí àga, sórí tìmùtìmù tí píìnì mọ́kànlá ṣì wà. Ó jókòó sínú oòrùn náà. Ó gbé páálí ìwọ̀n náà lé itan, ó ń wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Òun ló ń fẹ̀yìn lélẹ̀, òun ló ń tọ ọ́, òun náà ló ń gé e. Kò sí ohun tó lè rú u lójú níbẹ̀. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń kọ ÒKÈ fún. Ẹni tí yóò mú páálí náà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún.

Ó yí páálí dé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ K gùn ju bó ti yẹ lọ, bí Ẹ̀gbọ́n ti máa ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó wá ìṣó, ó kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti Ẹ̀gbọ́n.