Ariwo Tí Kóòṣì Agnes Kọ́ Wọn

Ní ilé ìwé girama kan ní Ìgàndó, kò sí ọmọ tí kò mọ ariwo Kóòṣì Agnes, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ṣubú lórí pápá, wọn a da píọ́ wọ́tà sí i lórí, Kóòṣì a pariwo pé, "Ṣé ó lè ṣe é?" Gbogbo ilé ìwé a dáhùn pé, "Ó lè ṣe é!" Ariwo náà dùn, ká má purọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó ṣubú léèrè.

Ní ìparí ìdíje ọdún tó kọjá, Ganiyat, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, àti ọmọ kan láti ilé ìwé Ìdímù tí wọ́n ń bá gbá a forí gbárí. Nígbà tí wọ́n gbé Ganiyat dìde, ó bi Kóòṣì pé, "Ma, ta ló ń borí?" Agnes ní, "Àwa ni." Kò pẹ́, ó tún bi í. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Agnes rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo ọmọ tó fẹ́ràn ilé ìwé rẹ̀! Ó pariwo, wọ́n dáhùn, Ganiyat padà wọ pápá. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bà á lórí, kò lè dìde mọ́. Ife tí wọ́n gbà wà ní ọ́fíìsì pirinsípà. Ganiyat wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un láàárọ̀ kì í bá a dọ́sàn-án.

Láti ìgbà náà ni ariwo yẹn ti ń lé Agnes kiri. Bó bá ń fọ abọ́, á gbọ́ ọ. Bí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ń pe èrò ní Ìyànà Ìpájà, á gbọ́ ọ láàárín ohùn wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bí ìjọ bá ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà, á gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti èyí dorí kodò. Ganiyat ti gbàgbé, Agnes ni kò rí i gbàgbé.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún dé ìparí. Ìyá Ganiyat mú ọmọ rẹ̀ wá wòran, tòun ti jẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ lọ́rùn. Agnes kò lè wo apá ibẹ̀.

Ọ̀mì ni wọ́n wà, góòlù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Hope, ọmọ tó gbá tiwọn wọlé, forí sọ òpó góòlù. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Agnes kò tíì la ẹnu tí gbogbo ilé ìwé fi bú sí i pé, "Ó lè ṣe é!"

"Míìsìs Agnes, kí lẹ ń dúró dè?" ni pirinsípà wí láti orí ìjókòó rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn wọlé, jàre!"

Agnes bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Hope, ta ló gbá góòlù wa wọlé?"

Ọmọ náà ń wò ó. "Góòlù wo, ma?"

Agnes gbá a mú lápá. Ó nà ró, ó pariwo tí pápá fi dákẹ́, ó ní, "Kò lè ṣe é!" Ó ní kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi mọ́tò gbé Hope lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n pàdánù. Pirinsípà gba ẹ̀gbẹ́ Agnes kọjá, àwọn èrò sì tú ká. Ganiyat nìkan ló pè é láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ma, ta ló ń borí?"

"Àwọn ni, Ganiyat. Wọ́n ti borí wa."

Ganiyat dìde, ó ń fa jẹ́sì rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. "Ẹ jẹ́ n wọlé nígbà náà, ma. Mo lè ṣe é."

Omi lé sí Agnes lójú. "Rárá. O ò lè ṣe é. Jókòó, ọmọ mi."

Ganiyat jókòó. Kò jiyàn rárá. Agnes wá rí i pé ká ní òun sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe jókòó. Òun náà jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò pẹ́, ọmọ náà yíjú sí i.

"Ma, ta ló ń borí?"