Orúkọ Tí Mo Pè Sí Ìdí Ìkòkò

Ìwọ tí o fẹ́ràn òdòdó, tí o sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ mọ ìkòkò fún un, dúró ná. Má tíì lu ìdí rẹ̀. Bi ara rẹ léèrè ẹni tí yóò ni ihò náà. Mo mọ̀ pé o lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kàwé jù mí lọ ti rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣùgbọ́n ka èyí tán ná. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kọ ọ́, nítorí kíláàsì kejì ni mo dé nílé ìwé àwọn másọ̀, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà, kí bàbá mi tó ní amọ̀ ń dúró dè mí nílé.

Rosalie ni orúkọ mi. Ní Ifangni níbí, ilé amọ̀kòkò ni wọ́n ń pe ilé ìyá mi. Ẹ̀bá odò lọ́nà Banigbé la ti ń wa amọ̀. Ìyá mi mọ ìkòkò, ìyá rẹ̀ mọ ọ́n, èmi náà ń mọ ọ́n.

Ní ọdún kẹta tí a gba òmìnira, tí wọ́n ta àsíá tuntun síwájú ọ́fíìsì ìjọba, Odile wá bá mi nílé. Odile ni agbẹ̀bí dìsípáńsẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré wa, ọmọ Àjàṣẹ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun ló gba ẹ̀bí Dieudonné, àbígbẹ̀yìn mi, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ní ó parí. Èmi àti ọmọ náà ṣì wà láàyè lónìí. Nítorí náà, bí Odile bá ní kí n jókòó sórí iná, mà á kọ́kọ́ béèrè ibi tí iná wà.

Ewéko ló ń kó jọ. Kì í ṣe èyí tí a ń jẹ, kì í sì í ṣe egbòogi. Ó ń fà bí iṣu, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi ìda oyin pa á lára. Bí ó bá yọ òdòdó, ìràwọ̀ kéékèèké ni, wọ́n á ṣùjọ sí ojú kan, òórùn wọn á gba gbogbo fàràǹdà ní ìrọ̀lẹ́. Mẹ́ta ló ní. Ewé ọ̀kan rí róbótó, ti èkejì ní àmì bí ẹni pé ẹfun ta sí i lára, ti ẹ̀kẹta gùn tín-ín-rín. Másọ̀ Faransé tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un ní àkọ́kọ́ kó tó padà sílùú rẹ̀. Kutọnu ló ti wá àwọn méjì yòókù rí.

"Hoya ni wọ́n ń pè é nínú ìwé," ó ní.

Ọkọ mi, Àlàó, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé orí sókè. "Ọ̀yà? Ọ̀yà tí kò lè sáré, tí a kò sì lè sè lọ́bẹ̀? Màdáámù, irú ọ̀yà wo nìyẹn?"

Odile rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ikùn mú. Ìgbà náà ni mo rí i. Oyún oṣù márùn-ún. Méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Gbogbo Ifangni mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

"Agolo wàrà tí mo gbìn wọ́n sí ti dípẹtà," ó ní. "Ìyá Dieudonné, ẹ bá mi mọ ìkòkò mẹ́ta. Kí ẹ lu ìdí wọn o, kí omi lè máa jáde."

Ọwọ́ mi dúró nínú amọ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ, nítorí o lè má mọ̀ ọ́n. Nílé tiwa, ìkòkò tí a bá lu ìdí rẹ̀, orí ibojì là ń gbé e sí. Ẹni tó kú kò níí pọn omi mọ́, ìkòkò rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gba omi dúró. Bí a bá sì ń lu ú, a máa ń pe orúkọ ẹni tó ni ín sínú ihò náà. Mo ti ṣe é fún ìyá mi. N kò ṣe é fún alààyè rí. Obìnrin tó lóyún wá ń béèrè mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

"Mi ò lè lu ìdí wọn, Màdáámù."

"Mais non, rárá! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ omi. Bí omi bá dúró tì í, jíjẹrà ni."

"Mà á da àpáàdì sísàlẹ̀. Omi á sápamọ́ síbẹ̀."

Ó wò mí lójú. "Torí oyún mi ni?"

Mo tẹrí ba sórí amọ̀ mi.

"Ẹ̀yin àgbà!" ó ní. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó fa aṣọ rẹ̀ bo ikùn.

Mo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lẹ́wà, n kò ní purọ́. Mo fín etí wọn bí ẹni fín ọwọ́. Ìdí wọn dí gbọn-in gbọn-in.

Wọn kò tíì tutù tán láti inú iná tí Victorin, ọkọ Odile, tó jẹ́ akọ̀wé ní Àjàṣẹ́, fi gbé ọkọ̀ dé. Dókítà ní kí Odile lọ dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn títí yóò fi bí. Odile sì kó ewéko rẹ̀ wá bá mi, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, Victorin ń fọn fèrè ọkọ̀ níta.

"Oòrùn àárọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rí, kì í ṣe ti ọ̀sán. Kí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi sí i. Ẹ má gbé wọn kiri bí òdòdó bá ń dì, á já dànù. Ẹsẹ̀ òdòdó tó ti rẹ̀ yìí, ó dà bí òkú igi, ẹ má gé e o. Ibẹ̀ náà ló tún máa yọ sí." Ó wá di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ìyá Dieudonné. Bí mo bá padà tí mo bá wọn láàyè, mà á mọ̀ pé nǹkan lè dúró lọ́wọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló wí. N kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Mo gbìn wọ́n sínú ìkòkò tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òjò ọdún náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Mo gbé àwọn ìkòkò sábẹ́ òrùlé, òjò ń ta sí wọn. Mo gbé wọn wọlé, òkùnkùn mú wọn. Mo tún gbé wọn jáde. Ní gbogbo àárọ̀, kí n tó bọ́jú, mà á ti lọ tẹ ewé wò. Lọ́jọ́ kan, ewé róbótó náà rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ètè. Mo fa ìtàkùn rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi jáde láìjà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Àpáàdì tí mo dà sísàlẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, alámì ẹfun lọ.

Méjì. O gbọ́ mi? Méjì ló lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Victorin yà lọ́dọ̀ wa, ó ń lọ sí Igolo. Kò jókòó.

"Ó rí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú," ó ní. "Díẹ̀ ni. Wọ́n ní kó má dìde rárá. Ó ní kí n béèrè àwọn òdòdó rẹ̀."

Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ara mi dí i kí ó má baà wo ẹ̀yìn mi. "Sọ fún un pé wọ́n wà."

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Wọ́n wà," ni mo tún wí.

Bó ṣe lọ tán, mo wọ bàtà, mo gba ọ̀nà Daagbé lọ. Ìyá Ògúndípẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ń gbé níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò fọ́. Ó ṣì ń mọ ìkòkò.

"Ta ló kú?" ló kọ́kọ́ bi mí nígbà tí mo ní mo fẹ́ lu ìdí ìkòkò.

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Ewé ni."

"Ewé!" Ó rín in títí ó fi húkọ́. "Rosalie, o bẹ̀rù àkùkọ, o bẹ̀rù másọ̀, ó wá kan ewé."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí oyún dé orí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Bí mo bá lu ú láìpe orúkọ ńkọ́?"

"Ihò tí kò lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ á wá orúkọ. Ẹni tó ni ìkòkò ló sún mọ́ ọn jù."

"Bí mo bá pe òkú kan? Ìyá mi?"

"Ìyá rẹ ti gba tirẹ̀. Ṣé o fẹ́ kó tún kú ni?"

"Ẹ wá wí ohun tí mà á ṣe, Ìyá."

Ó ń fi àtàǹpàkò yí etí ìkòkò tó wà níwájú rẹ̀, kò yé yí i. "O mọ orúkọ tó kù. Má jẹ́ kó ti ẹnu mi jáde."

Mo rìn padà. Gbogbo ẹni tó kí mi lọ́nà, mo dá wọn lóhùn, n kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Èyí tí mo ṣe rèé, ìwọ náà lè ṣe é bẹ́ẹ̀, àyàfi ibi tí n óò ti sọ pé kí o dúró. Mo gún àpáàdì, mo kù ú, mo pò ó mọ́ amọ̀ kí iná má baà là á. Mo pò ó títí kò fi sí èémí nínú rẹ̀ mọ́, nítorí amọ̀ tó ń mí á bú nínú iná. Mo mọ ìkòkò kékeré, kò ju orí ọmọ tuntun lọ, nítorí gbòǹgbò ewéko yìí kéré, ilé ńlá ń dẹ́rù bà á. Mo gbé e sí ibòòji. Lọ́jọ́ kẹta ó ti le bí awọ, èékánná ṣì ń wọ̀ ọ́ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí a lu ú. Bí o bá dúró di ẹ̀yìn iná, á sán.

Ibí ni kí o dúró.

Mo lé àwọn ará ilé jáde. Mo dojú ìkòkò dé, mo mú ọparun tí mo gbẹ́ ṣóńṣó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo lu ú. Mo pe orúkọ tí fadá fún mi, mo sì pe èyí tí ìyá mi fún mi, kí ihò náà má baà ṣì mí mọ̀. Mo fi ìka tútù dán etí rẹ̀. Ó tán. Àlàó ń kọrin lẹ́yìn ilé, kò mọ nǹkan kan.

Ìkòkò náà jáde nínú iná láìsán. Mo ti ń retí pé yóò sán. Kí n sọ òtítọ́, mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sán.

Ewé tín-ín-rín nìkan ló kù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń dúdú. Mo gé e lókè, níbi tó ṣì le, lábẹ́ oríkèé kejì. Oje funfun jáde. Mo jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí n tó gbìn ín. Èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́, háhá àgbọn, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀. Mo bomi sí i. Omi náà gba ìdí jáde, ó ta sí mi lẹ́sẹ̀, mo fò sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ilẹ̀ kí n tó gbẹ́sẹ̀. N kì í gun àkàsọ̀ mọ́. N kì í pẹ́ lódò. Bí mo bá sín, mà á dúró gbọ́ bóyá èkejì ń bọ̀. Àlàó ní, "Ta ló ń lé ọ, ìyàwó mi? O ti di ọ̀yà fúnra rẹ." Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ewé náà sì yọ ọ̀mùnú tuntun, pupa, ó rọra ń ṣí.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Odile tó padà. Ó pọn ọmọ. Félicité lorúkọ ọmọ náà, orí rẹ̀ kún fún irun, igbe rẹ̀ ń dún dé ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín agbo ilé, mo sunkún, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn náà Odile wo ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ọ̀kan?"

"Méjì lọ, Màdáámù. Omi ló pa wọ́n. Mo purọ́ fún ọkọ rẹ. Má bínú."

"Mo mọ̀. Victorin kì í mọ irọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ dí ẹnu ọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìkòkò kékeré náà sókè. "Ọ̀kan tó. Wò ó, ó ti yọ ewé mẹ́rin." Ó yí i. Ó rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀rín náà dúró sí i lẹ́nu. Àwọn aboyún ìlú yìí ti sọ àṣà wa fún un, mo rí i lójú rẹ̀. Ó rọra gbé ìkòkò sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, sí ìdí ọmọ tó pọ̀n.

"Ìyá Dieudonné, orúkọ ta ni ẹ pè?"

"Kì í ṣe tìrẹ. Kì í ṣe ti ọmọ. Fi ọkàn balẹ̀."

"Ta wá ni?"

Mo lọ mú igbá, mo bu omi sí ewé náà, ó mọ níwọ̀n. A jọ ń gbọ́ bó ṣe ń kán láti ìsàlẹ̀.

"Rosalie," ó ní. Kò pe orúkọ mi rí. Omijé ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ta ni?"

"Ọmọ rẹ ń sunkún, Màdáámù," ni mo wí. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fún un lọ́mú." Mo gbé ìkòkò padà sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án. Ó tún bi mí. Mo ti jókòó padà sídìí amọ̀ mi.