Orin Ottis

Láti aago méje àárọ̀ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi orin rántí àwọn olóògbé ni Arvilla ti wọṣọ tán, tó jókòó sí ìloro, abọ́ adìyẹ díndín lórí itan, tó ń wo títì. Delmer, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti kọ lẹ́tà láti Detroit pé òun ń bọ̀ wá kọrin fún bàbá òun. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ìyá àtọmọ ti jà nítorí obìnrin tí ọmọ fẹ́, agídí ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túúbá. Kí Ottis ọkọ rẹ̀ tó kú lóṣù kẹta, ohun kan ló bẹ̀ ẹ́: kí ìyá àtọmọ jọ darí orin tí òun fẹ́ràn jù lọ́jọ́ ìrántí yìí.

Aago mẹ́wàá kọjá, Delmer ò dé. Arvilla fi ìbínú gbé abọ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn olóògbé. Nígbà tó kan Ottis, Hershel tó jẹ́ alága pe Arvilla síwájú láti wá darí orin. Arvilla bọ́ sí àárín àwọn akọrin, níbi tí bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú síra wọn, ó pe nọ́ńbà orin Ottis. Kò sẹ́ni tó ṣíwèé.

"Àǹtí, wọ́n ti kọ ìyẹn láàárọ̀," ni Hershel wí. Orin tí wọ́n bá ti kọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un pè lọ́jọ́ náà.

"Ta ló pè é?"

"Delmer ni. Aago mẹ́sàn-án ló ti dé, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. Ó ní ẹ ò fẹ́ rí òun ni ẹ ò ṣe wá. Ó darí ẹ̀ tán, ó bú sẹ́kún, ó wọ mọ́tò ẹ̀ lọ."

"Ilé ni mo ti ń dúró dè é, Hershel."

"Ẹ jẹ́ ká tún un kọ. Ta ló máa mú wa?"

"Ottis tó lé àbúrò mi padà lọ jókòó torí pé ó tún orin tí wọ́n ti kọ pè? Rárá o." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ṣé Delmer mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́ darí orin?"

"Bíi bàbá ẹ̀ gan-an."

Ó ṣí ojú ìwé mìíràn, omijé ò jẹ́ kó rí nọ́ńbà ibẹ̀. Hershel bá a pè é, ó fún wọn ní ohùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fà, sòl, là, orúkọ ohùn tí wọ́n máa ń kọ ṣáájú ọ̀rọ̀ orin. Arvilla gbọ́wọ́ sókè láti darí wọn, ọwọ́ náà ò lè wá sílẹ̀ mọ́. Ìbànújẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ orin náà parí láìsí adarí, òun nìkan sì dúró láàárín wọn.